Nínú Kí Ni Wọ́n Ti Gbin Abẹ́rẹ́ Yìí?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ìbéèrè kan wà tí kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Mowe, Ibafo àti Ifọ sinmi láti ọjọ́ mélòó kan. Àwọn tó ń múra àtilọ sí Mẹ́kà ló kọ́kọ́ bèèrè rẹ̀, kí àwọn ọmọ iléèwé tó gbà á lẹ́nu wọn. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé inú sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ajá ni wọ́n ti ń gbin abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn líle, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní influenza. Ṣé Mùsùlùmí lè gbà á? Ṣé kò ní ba àlùwàlá jẹ́? Ṣé kò ní ba Háàjì jẹ́?

Àwa kò fi ìbéèrè náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá bèèrè nípa ohun tó ń wọ ara rẹ̀ ti ṣe ohun tí ẹ̀sìn kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí a ti ń wá ìdáhùn, a rí i pé ìbéèrè mìíràn wà lẹ́yìn èyí tí ẹnikẹ́ni kò bi wá, òun gan-an ni ó sì wúwo jù. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ náà.

Fáírọ́ọ̀sì kì í dá dàgbà. Kì í ṣe bí àgbàdo tí a lè gbìn sínú ilẹ̀ kí òjò rọ̀ sí i. Àfi kó rí sẹ́ẹ̀lì alààyè tí yóò wọ̀ kó tó lè di púpọ̀. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣe àjẹsára ọ̀fìnkìn gbọ́dọ̀ wá ohun alààyè kan tí yóò fi ṣe oko. Láti ìgbà ogun àgbáyé kejì, nígbà tí àwọn Amẹ́ríkà ń wá ohun tí wọn yóò fi dáàbò bo àwọn ọmọ ogun wọn, ẹyin adìyẹ ni oko náà. Kì í ṣe ẹyin tí a ń dín o. Ẹyin tí àkùkọ ti bá ìyá rẹ̀ lò ni, tí ó ti wà nínú ooru fún bí ọjọ́ mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, tí ọmọ ti ń dàgbà nínú rẹ̀. Wọn a lu ihò bín-ín-tín sí èèpo rẹ̀, wọn a fi abẹ́rẹ́ ti fáírọ́ọ̀sì sí i, wọn a sì dá a padà sínú ooru fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà wọn a fa omi inú rẹ̀ jáde, wọn a fi kẹ́míkà pa fáírọ́ọ̀sì náà, wọn a sẹ́ ẹ títí yóò fi mọ́, wọn a sì rọ ọ́ sínú ìgò. Bí a bá ṣírò rẹ̀ ní ṣókí, ẹyin kan fún èèyàn kan ni. Ẹni tó bá fẹ́ gún mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún èèyàn ní abẹ́rẹ́, kó lọ wá bí mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún ẹyin sílẹ̀.

Àwọn ará wa tó ń sin adìyẹ ní Ibafo àti Ifọ yóò ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí àrùn bá wọ oko adìyẹ? Ní February 2006, ọ̀fìnkìn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní H5N1 bẹ́ sílẹ̀ ní oko kan ní Jaji, Ìpínlẹ̀ Kaduna, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ní January 2007 ó pa obìnrin ọmọ ọdún 22 kan ní Èkó. Ní January 2015 ó tún padà wá, Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí sì wà lára àwọn tó fara gbá a. Ẹni tó bá ti rí i rí mọ bó ti ń rí: adìyẹ tó jẹun dáadáa ní alẹ́ àná, òwúrọ̀ ni yóò ti nà gbalaja; àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a dé, wọn a pa èyí tó kù, wọn a sì sun wọ́n tàbí kí wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀. Ọ̀fìnkìn tí a ń tinú ẹyin wá oògùn rẹ̀ náà ni ó ń pa ìyá ẹyin. Bí irú rẹ̀ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí ran èèyàn káàkiri ayé, ọjọ́ tí a nílò ẹyin jù ni ẹyin lè wọ́n jù.

Ẹyin tún ní ìṣòro mìíràn. Fáírọ́ọ̀sì tí ara èèyàn ti mọ́ lára máa ń yí ìwà padà díẹ̀ kó tó lè gbé inú ẹyẹ, bí ọmọ tí a rán lọ sí ìlú òkèèrè tó wá ń fi ohùn ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ tí a bá fi irú rẹ̀ ṣe lè wá máa kọ́ ara wa láti dá ẹlòmíràn mọ̀. Irú ọ̀fìnkìn tí wọ́n ń pè ní H3N2 ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí jù.

Ohun tó mú wọn wá oko mìíràn nìyí. Ní 1958, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Madin àti Darby, mú sẹ́ẹ̀lì nínú kíndìnrín ajá kan ṣoṣo, wọ́n sì ń bọ́ ọ nínú ìgò. Sẹ́ẹ̀lì náà kò kú. Ọ̀kan ń di méjì, méjì ń di mẹ́rin, títí di òní olónìí. Lẹ́tà orúkọ àwọn méjèèjì ló wà nínú MDCK tí wọ́n ń pè é. Ajá náà ti lọ tipẹ́, wọn kì í sì í pa ajá kankan kún un.

Àwa kì bá tí fi ilé ọtí ṣe àpèjúwe nínú ìwé ìròyìn yìí, ṣùgbọ́n kò sí ohun mìíràn tó jọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Àgbá irin ńláńlá ni, tó ń dán, tó lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà. Bioreactor ni orúkọ rẹ̀. Omi, ṣúgà, iyọ̀ àti àwọn èròjà mìíràn tí sẹ́ẹ̀lì ń jẹ wà nínú rẹ̀. Ohun kan ń rò ó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ọ́, ẹ̀rọ sì ń ṣọ́ ooru rẹ̀ kó má gbóná jù, kó má tutù jù. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti pọ̀ tó, wọn a da fáírọ́ọ̀sì díẹ̀ sí i. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ fáírọ́ọ̀sì ti kún inú àgbá. Wọn a wá yọ sẹ́ẹ̀lì kúrò, wọn a pa fáírọ́ọ̀sì, wọn a fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọn a ṣa apá ibi tí ara wa nílò láti fi dá a mọ̀, wọn a sì da ìyókù nù. Wọn kò ní dúró de adìyẹ kó yé. Wọ́n lè fi sẹ́ẹ̀lì náà pamọ́ sínú òtútù tó le gan-an fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n sì jí i lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé. Ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí irú abẹ́rẹ́ yìí ní 2007, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní November 2012.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ajá. Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́: orúkọ ajá ni ó dẹ́rù bà wá. Àwọn ọmọ wa ní Mowe ti ń la ẹnu gba àjẹsára rọpárọsẹ̀ tipẹ́tipẹ́, inú sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ọ̀bọ ni wọ́n sì ti sábà máa ń gbin fáírọ́ọ̀sì ti ìyẹn. A kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè nípa ọ̀bọ.

Mọ́síhábì Imam Malik ni àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Lójú Imam Malik, gbogbo ẹran tó bá ṣì wà láàyè ló mọ́, ajá náà sì wà lára wọn. Àwo tí ajá bá lá tí a ní kí á fọ̀ nígbà méje, ìjọsìn ni, kì í ṣe pé itọ́ rẹ̀ jẹ́ nájísì. Imam Shafi'i kò gbà bẹ́ẹ̀, nájísì ni lójú tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ka ìwé Shafi'i lóru tó wá ń fi bú àwọn Maliki ní mọ́ṣáláṣí Ifọ láàárọ̀, ẹ ní kó rọra. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ Imam Malik yìí tan ara wa jẹ. Ohun tí a gé lára ẹran kì í ṣe ẹran alààyè mọ́. Òkú ẹran ni òfin kà á sí. Ibòmíràn ni ìdáhùn wà.

Ó wà nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní istihālah, ìyẹn ni pé kí ohun kan paradà di ohun mìíràn pátápátá. Ọtí tó bá fúnra rẹ̀ di ọtí kíkan tí a fi ń se oúnjẹ ti di haláàlì, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1995, àwọn àáfà àti àwọn dókítà Mùsùlùmí tó ju ọgọ́rùn-ún lọ pàdé ní Kuwait lórí ọ̀rọ̀ àwọn èròjà nájísì nínú oúnjẹ àti oògùn. Wọ́n fẹnu kò pé ohun tó bá ti paradà báyìí ti mọ́, kódà bí egungun àti awọ ẹran tí kò mọ́ ni ó ti wá. Ti ọ̀fìnkìn yìí tún fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, nítorí pé a ti yọ sẹ́ẹ̀lì kúrò kí ó tó dénú ìgò. Fáírọ́ọ̀sì ni a ń wá, kì í ṣe ajá. Ìdáhùn wa sí ìbéèrè yín nìyí: kò ba àlùwàlá jẹ́, kò sì ba Háàjì jẹ́.

Àwọn àáfà Indonesia le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní August 2018, ìgbìmọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní MUI yẹ àjẹsára measles àti rubella tó ti India wá wò. Wọ́n ní èròjà ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú bí wọ́n ti ṣe é, nítorí náà haráàmù ni. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí á lò ó nítorí ìnira, torí pé kò sí òmíràn tó jẹ́ haláàlì. Ẹsẹ̀ wọn wà lórí àáyà 173 nínú Súrátul-Baqarah, níbi tí Ọlọ́hun ti ka òkú ẹran àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí èèwọ̀, tí Ó sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tí ìnira bá dé bá.

Ibí yìí gan-an ni ìbéèrè tí ẹ kò bi wá ti yọjú. Wọ́n ní kò sí òmíràn. Kí ló dé tí kò fi sí òmíràn?

Ìnira tó mú òkú ẹran di jíjẹ, ti arìnrìn-àjò tó ṣìnà nínú aṣálẹ̀ ni. Yóò jẹ ìba èyí tí kò ní jẹ́ kó kú, yóò sì máa wá ọ̀nà àbájáde. Bí ẹnì kan bá wá jókòó sínú aṣálẹ̀ yẹn, tó kọ́lé síbẹ̀, tó ń bímọ síbẹ̀, tó ń jẹ òkú ẹran lọ́dọọdún, tí kò gbẹ́ kànga kankan, ṣé ìnira ni a óò ṣì máa pè é? Lójú tiwa, ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ohun tí wọ́n ti gbin abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ojúṣe kan pẹ̀lú rẹ̀: kí àwọn kan nínú ìjọ rẹ̀ mọ bí a ṣe ń gbìn ín. Ẹni tó ń gbìn ín ló ń yan oko. Ẹni tó ń rà á, ohun tí wọ́n bá bù fún un ni yóò jẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Imam Ghazali, tó kú ní 1111, kọ ọ́ sínú Ihyā rẹ̀ pé ìmọ̀ ìṣègùn jẹ́ farḍu kifāyah, ìyẹn ojúṣe tí gbogbo ìlú yóò jẹbi rẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó ṣe é. Ó bínú sí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà tirẹ̀ pé wọ́n ń wọ́ tọ ẹ̀kọ́ òfin kí wọ́n lè di adájọ́ àti olókìkí, nígbà tó jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ ìlú, àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí nìkan ni oníṣègùn. Ẹ ka àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà ní yunifásítì lónìí. Mélòó ló wà nínú ẹ̀kọ́ òfin, mélòó ló wà nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò, mélòó ló wà nídìí ìmọ̀ sẹ́ẹ̀lì ní FUNAAB ní Abẹ́òkúta níbí?

Ẹ má sì rò pé ilẹ̀ wa kò mọ iṣẹ́ náà rí. Ní 1925 ni àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà dá ibùdó ìwádìí ibà pọ́njú sílẹ̀ ní Yaba. Ní 1927 àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó yìí gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí. Asibi yè, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni Max Theiler tọ́ títí ó fi di àjẹsára 17D ní 1937, èyí tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1951. Òun náà ni àwọn tó ń lọ sí Háàjì ń gbà kí wọ́n tó fún wọn ní káàdì yẹ́lò. Irúgbìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ Áfíríkà ni. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe àjẹsára ní Yaba ṣe ti ibà pọ́njú, ti ṣọ̀pọ̀ná àti ti dìgbòlugi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1991 wọ́n tì í pé àwọn fẹ́ tún un ṣe. Kò ṣe abẹ́rẹ́ kankan mọ́ láti ìgbà náà.

Ní Dakar ní Senegal, tí Mùsùlùmí pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n ṣì ń ṣe àjẹsára ibà pọ́njú, ẹyin adìyẹ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ní Vom ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924 ń ṣe àjẹsára fún adìyẹ àti màlúù. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà bó ti rí: adìyẹ tó wà ní Ibafo lè gba àjẹsára tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, ẹni tó ń sìn ín kò lè rí irú rẹ̀ gbà.

Indonesia tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ti rí kọ́ nínú èyí. Nígbà tí ọ̀fìnkìn ẹyẹ ń pa wọ́n, wọ́n ń fi fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkèèrè fún àyẹ̀wò. Wọ́n wá gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ní Australia ti fi irú tiwọn ṣe àjẹsára, tí àwọn fúnra wọn kò sì ní lè rà. Ní 2007 mínísítà ètò ìlera wọn, Siti Fadilah Supari, ní òun kò fi ránṣẹ́ mọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá bínú, wọ́n ní ó ń fi ẹ̀mí aráyé wewu. Kò sì sí irọ́ nínú ìyẹn, nítorí àrùn kò mọ ààlà. Ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ ló bí àdéhùn ọdún 2011 lábẹ́ àjọ WHO, pé ẹni tó bá mú fáírọ́ọ̀sì wá yẹ kó rí nínú èrè rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tiwa ti 2006 náà, Padova ní Italy ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé tún wà ńbẹ̀. Nígbà tí Kano kọ àjẹsára rọpárọsẹ̀ ní 2003, ọ̀pọ̀ èèyàn pè wọ́n ní òpè. Wọ́n gbàgbé pé ní Kano kan náà, ní 1996, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà, ọ̀rọ̀ tó di ẹjọ́ títí di 2009 kí wọ́n tó san owó. Ẹ̀rù wọn ní ìdí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rọpárọsẹ̀ tó tàn kálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di arọ. Ohun tó tù wọ́n lójú ní 2004 ni àjẹsára tó wá láti Indonesia. Oògùn kan náà ni. Ọwọ́ tó ṣe é ni wọ́n fọkàn tán.

Gbogbo wa ṣì rántí Kòrónà. Ní March 2, 2021, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin abẹ́rẹ́ ti India dé Abuja. Kò pẹ́ tí àrùn náà fi le ní India, wọ́n sì dá kíkó jáde dúró. A kò lè bá wọn jà, ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í gbé omi rẹ̀ fún aládùúgbò. Àwọn tó tún fi ta wá lọ́rẹ lẹ́yìn náà, ìgbà tí ọjọ́ ìbàjẹ́ rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi í ránṣẹ́. Ní December 2021, ìjọba da èyí tó ju mílíọ̀nù kan lọ nù ní Abuja.

Àwọn kan yóò ní ọ̀fìnkìn kọ́ ni ìṣòro wa, pé ibà ló ń pa wá. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àjẹsára ọ̀fìnkìn kò tilẹ̀ sí lára èyí tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ní September 1918, ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé ọ̀fìnkìn wọ Èkó, ọkọ̀ ojú irin tó gba Ifọ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta ni ó sì gbé e wọ ilẹ̀. Lónìí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn gba Ibafo àti Mowe kọjá, àti ibùdó àdúrà tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń péjọ sí, tiwa àti ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì. Àgbá irin kì í sì í mọ orúkọ àrùn kan ṣoṣo. Inú sẹ́ẹ̀lì ọ̀bọ kan náà ni wọ́n ti ń gbin àjẹsára rọpárọsẹ̀ àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ẹni tí ajá dìgbòlugi bù jẹ. Ẹni tó bá mọ àgbá ọ̀kan yóò mọ ti èkejì.

Owó rẹ̀ pọ̀, a kò jiyàn. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ àti ilé-iṣẹ́ May & Baker tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí Biovaccines, ìjọba mú ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ní Ọ̀tà ni àwọn yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ náà sí. Ọ̀tà kò jìnnà sí Ifọ rárá. Bó bá dọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà bá ń wá ẹni tó lè tọ́jú sẹ́ẹ̀lì, tó lè ka ooru inú àgbá, tó lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé èròjà tí kì í ṣe ti ẹlẹ́dẹ̀ wà tí a lè lò dípò rẹ̀, ṣé ọmọ Ifọ ni wọn yóò rí ni, àbí wọn yóò tún fi ọkọ̀ òfúrufú gbé e wá?

Ní ti ẹ̀yin tó ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yìí, ìjọba Saudi máa ń gba àlejò nímọ̀ràn láti gba ti ọ̀fìnkìn yàtọ̀ sí ti yírùnyírùn tí wọ́n sọ di dandan. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì ajá, ẹ bèèrè èyí tí wọ́n fi ẹyin ṣe, òun ló pọ̀ jù lọ́jà. Èyí tí wọ́n ń fín sí imú tí wọ́n ń pè ní FluMist ní gelatin ẹlẹ́dẹ̀ nínú. Èyí tí a sọ nípa ìpàdé Kuwait kàn án, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yàgò fún un ní ọ̀nà àtiyàgò. Kí ẹ sì tètè gbà á, nítorí pé ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kí àjẹsára ọ̀fìnkìn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lára.